Èwo Ni Ti Ẹ̀sìn, Èwo Ni Ti Àṣà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjọ́ Orí Ìgbéyàwó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí àti ọ̀rẹ́ tí ń ka ìwé ìròyìn wa yìí, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò lè fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: ọdún mélòó ni ó yẹ kí ọmọbìnrin pé kí a tó fi í fún ọkọ, ọdún mélòó ni ó sì yẹ kí ọmọkùnrin pé kí ó tó di baálé ilé? Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, kò yẹ kí ìbínú dí wa lójú tí a kò fi ní wò ó dáradára.

Ní àdúgbò Basin ní Ìlọrin, níbi tí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń ná ọjà kan náà, ẹni tí ó bá jókòó pẹ́ nínú ìdílé kan yóò gbọ́ àríyànjiyàn yìí. Bàbá àgbà yóò wí pé ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé, nítorí pé ẹ̀sìn kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ń lọ sí yunifásítì yóò fèsì pé òun kò ní relé ọkọ títí òun yóò fi gba oyè, nítorí pé Ọlọ́run kò fi òye fún òun kí òun lọ rì í mọ́lẹ̀. Ìyá yóò wí pé kí wọn má ṣe fa ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n kí àdúrà máa lọ. Olúkúlùkù wọn ni ó pe Ọlọ́run ní ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ṣí ìwé láti wo ohun tí a kọ síbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé a ti da ohun mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn: àṣẹ ẹ̀sìn, àṣà àwọn bàbá wa, àti ẹ̀rù àìrówó. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó rí i pé ẹ̀sìn kò dá ọdún kan pàtó. Pé àṣà kò fi ìgbà kan dúró sójú kan. Àti pé owó ni ó ń sọ̀rọ̀ jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í dárúkọ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àwa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a ó wà nínú kíláàsì lọ́jọ́ tí àga ọmọbìnrin kan yóò ṣófo, ó tọ́ kí a mọ ohun tí a ó wí.

Kí a kọ́kọ́ wo àṣà. Ní ilẹ̀ Yorùbá ti àtijọ́, ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. A ó fojú sóde, a ó rán alárinà, a ó tọrọ ọmọ, ìjọ́hẹn yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ìdána, kí a tó gbé ìyàwó. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, pín ètò náà sí ọ̀nà mẹ́ta: fífi ojú sí ọmọ láti kékeré, ìjọ́hẹn nígbà tí ọmọ bá ti dàgbà, àti ìgbéyàwó fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i. Òtítọ́ ni pé a lè ti sọ ọmọ fún ìdílé kan nígbà tí ó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí a sọ ọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ tí a mú un relé ọkọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà láàárín méjèèjì. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọkọ àfẹ́sọ́nà ń sin àna rẹ̀: ó ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ ní oko àna, ó ń bá a ran ilé, ó ń gbé iṣu lọ ní àkókò ọdún. Ẹni tí kò tíì ní oko ti ara rẹ̀ kò lè ṣe gbogbo èyí. Nítorí náà, ètò náà fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí ọkùnrin dàgbà, kí obìnrin náà sì gbó, kí ilé tó dà wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá ń wí lónìí pé àṣà Yorùbá ni kí a mú ọmọ kékeré kúrò nílé láàárín oṣù méjì, kì í ṣe àṣà ni ó ń sọ. Ìkánjú ni ó ń sọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Àṣà àtijọ́ ní àbùkù tirẹ̀. A kì í sábà bi ọmọbìnrin léèrè ohun tí ó fẹ́. Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lẹ́rú, àwọn tí ó kó wọn sì sọ wọ́n di aya. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè lè bá ara rẹ̀ nínú ilé olówó náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Láàárín àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa pẹ̀lú, a mọ ohun tí a ń pè ní ìyàwó sàráà, èyí tí bàbá fi ọmọ rẹ̀ ta àáfà lọ́rẹ láìgba nǹkan kan, kí ó lè gba èrè lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Bàbá náà lè ní ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ó san sàráà náà. Nítorí náà, bí mo ti ń gbèjà àwọn bàbá wa lọ́wọ́ àwọn tí ń purọ́ mọ́ wọn, n kò wí pé kí a padà sí gbogbo ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ẹ̀sìn. Bíbélì tí a ń kà ní ilé ìsìn wa ní òwúrọ̀ kò dárúkọ ọdún kankan fún ìgbéyàwó. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni àpẹẹrẹ. Ísáàkì ti pé ẹni ogójì ọdún kí ó tó fẹ́ Rèbékà. Jákọ́bù sin Lábánì ní ọdún méje nítorí Rákélì, ó sì tún sìn ín ní ọdún méje mìíràn. Nígbà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù sì fẹ́ mú Rèbékà lọ lójú ẹsẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ pè é, wọ́n sì bi òun fúnra rẹ̀ léèrè bóyá yóò lọ. Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára ìtàn wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ náà ni sùúrù, iṣẹ́ ọwọ́, àti ìfẹ́ inú ẹni tí a fẹ́ gbé níyàwó.

Kí ni ìjọ Kristi sì ṣe? Ìjọ Páàdì lo òfin kan fún ọ̀rúndún púpọ̀ tí ó gba ọmọbìnrin ọdún 12 àti ọmọkùnrin ọdún 14 láyè láti ṣe ìgbéyàwó. Nínú ìwé òfin rẹ̀ ti 1917 ni ó sọ ọ́ di 14 àti 16. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn míṣọ́nnárì tí ó mú Ìhìnrere wá sí ilẹ̀ wa ti wá, 12 àti 14 yìí kan náà ni òfin ìlú gbà títí di 1929, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di 16 fún tọkùnrin tobìnrin. Láti oṣù Kejì 2023, ó ti di 18 ní England àti Wales. Ẹ rí i pé àwọn tí ó kọ́ wa ní Kátíkísímù kò gba ọjọ́ orí kan láti ọ̀run wá. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ bí ayé ti ń yí, wọ́n sì ń yí òfin wọn padà. Kò yẹ kí onígbàgbọ́ kankan, nítorí náà, máa na ìka sí ọmọnìkejì rẹ̀ tí í ṣe Mùsùlùmí bí ẹni pé ilé tirẹ̀ mọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn Ìsìláàmù, èmi kì í ṣe àáfà, n kò sì ní gbé ara mi ga ju bí mo ti mọ lọ. Àwọn onímọ̀ wọn ni ó lè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó hàn sí gbogbo ènìyàn ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Nínú orí kẹrin Àlùkùránì, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ òrukàn, a dárúkọ ìgbà tí wọ́n bá tó ìgbéyàwó, a sì pàṣẹ pé kí a dán wọn wò, kí a má sì fi ohun ìní wọn lé wọn lọ́wọ́ títí a ó fi rí òye nínú wọn. Bí ènìyàn bá nílò òye kí a tó fi màlúù àti owó lé e lọ́wọ́, mélòómélòó ni ẹni tí a fẹ́ fi ilé, oyún àti ọmọ lé lọ́wọ́?

Àwọn ìjọba Mùsùlùmí fúnra wọn ti ronú lórí èyí. Ìjọba Ottoman, tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Istanbul, ṣe òfin ìdílé ní 1917. Ó fi ọdún 18 fún ọkùnrin àti 17 fún obìnrin ṣe ọjọ́ orí tí ènìyàn lè gbéyàwó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́. Ìyẹn ni pé ní 1917 kan náà tí Ìjọ Páàdì gba ọmọbìnrin ọdún 14 láyè, ilé ẹjọ́ Mùsùlùmí ní Istanbul ti ń béèrè ọdún 17. Mòrókò sọ ọ́ di 18 fún tọkùnrin tobìnrin ní 2004, bí ó tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún adájọ́ láti yọ̀ǹda fún ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Íjíbítì ṣe irú rẹ̀ ní 2008. Indonéṣíà, tí ó ní Mùsùlùmí bí yanrìn òkun, gbé ti ọmọbìnrin kúrò ní 16, ó sì sọ ọ́ di 19 ní 2019, gẹ́gẹ́ bí ti ọkùnrin. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí tí ó kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó ṣe é.

Ní Ìlọrin tiwa ńkọ́? Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ìlú yìí ní 1897, ìjọba wọn kò fẹ́ kí míṣọ́nnárì máa wọ àwọn ìlú Mùsùlùmí ti Àríwá bí ó ti wù wọ́n. Àwọn òbí pẹ̀lú ń bẹ̀rù, wọn kò sì ṣàṣìṣe, pé ọmọ tí ó bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì lè padà wálé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Bí ọmọkùnrin bá wà ní ilé kéwú, tí ọmọbìnrin sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ní ọjà, kí ni yóò mú kí a dúró lẹ́yìn ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti bàlágà? Ní 1942 ni Ṣéù Kamaldeen al-Adabi dá Ẹgbẹ́ Ansar-ul-Islam sílẹ̀ ní Ìlọrin. Iṣẹ́ pàtàkì tí ẹgbẹ́ yìí ṣe ni pé ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ Mùsùlùmí ti lè kọ́ ìwé òyìnbó láìfi ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí ẹ̀rù ti tì, ẹni tí ó ní ẹ̀sìn náà lọ́kàn ni ó ṣí i. Ní 1975 a dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Díẹ̀díẹ̀, ọmọbìnrin tí ìbá ti wà nílé ọkọ wà nídìí tábìlì.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wólímà fún àpẹẹrẹ. Ní ìlú yìí, ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí ìyàwó ń ka Àlùkùránì níwájú àwọn àáfà àti àwọn òbí kí ó tó relé ọkọ. Ìyá tí ó ka tirẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba rí ọmọ rẹ̀ tí ó ń ka tirẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gba oyè yunifásítì. Ìwé kan náà ni wọ́n kà. Ìbùkún kan náà ni a sú fún wọn. Kò sí ohun tí ó dín kù nínú ẹ̀sìn náà, àfi pé ẹni tí ń kà á ti lóye sí i. Èyí ni mo fi gbà pé kì í ṣe ìwàásù ni ó kọ́kọ́ sún ọjọ́ orí ìgbéyàwó síwájú láàárín wa, ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ìwàásù wá tẹ̀lé e.

Òfin pẹ̀lú ti sọ tirẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó tí ó bófin mu; ẹni tí ó bá sì fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò san ìtanràn 500,000 náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Nítorí pé ìgbéyàwó ti Mùsùlùmí àti ti ìbílẹ̀ kò sí lábẹ́ ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti sọ òfin náà di tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kwara wà nínú àwọn tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà tí ó wà láàárín ọdún 20 sí 24, mẹ́tàlélógójì ni ó ti wọlé ọkọ kí wọ́n tó pé 18. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin náà ti wà nílẹ̀ nígbà náà.

Èéṣe? Nítorí pé a kò tíì fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ní oṣù Keje 2013, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ń tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, wọ́n dìbò láti yọ gbólóhùn kan kúrò ní apá 29, èyí tí ó sọ pé obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ, kí a kà á sí àgbà. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kíkọ ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú sílẹ̀ ni apá náà ń sọ. Ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ Ahmed Yerima dìde, ó ní yíyọ rẹ̀ lòdì sí Ìsìláàmù. Wọ́n tún ìbò dì, iye tí a nílò kò pé, gbólóhùn náà sì dúró. Ariwo ta jákèjádò ilẹ̀ náà. Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé gbólóhùn yẹn yí òtítọ́ padà. Ẹni tí ó bá ti dàgbà ni ó yẹ kí ó lọ́kọ. Lílọ́kọ kò lè sọ ọmọdé di àgbà. Bí a bá fi gèlè wé orí ọmọ ọdún 13, orí ọmọ ọdún 13 ni ó wà nínú gèlè náà.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a rán mi lọ láti dánrawò iṣẹ́ ìkọ́ni, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí ìṣirò kì í yè lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì kò wá mọ́. Nígbà tí mo bẹ bàbá rẹ̀ wò, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì béèrè ọmọ náà. Ó ní a ti fi í fún ọkọ, pé ẹ̀sìn ni ó sọ bẹ́ẹ̀. A jókòó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó wí fún mi pé, "Tíṣà, mo ní ọmọ méje. Ìyá wọn ń ṣàìsàn. Bí èyí bá lóyún ní ìta, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi? Ṣé ìwé yín yóò tọ́jú rẹ̀?" N kò gbọ́ orúkọ ẹ̀sìn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó kù. Ebi àti ìtìjú ni ó ń bá mi sọ̀rọ̀. Títí mo fi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sí ẹni tí ó jókòó lórí àga ọmọ yìí.

N kò sọ ìtàn yìí láti dá bàbá náà lẹ́bi. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ ẹni tí a ń bá jà. Bí a bá dìde sí bàbá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé òfin nìkan, yóò fi ẹ̀sìn bo ara rẹ̀, àwọn ará àdúgbò yóò sì dúró tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá dáhùn ẹ̀rù rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ kò ní bá wa jà.

Àwọn kan yóò wí pé ìgbéyàwó ní kùtùkùtù ni ó ń pa ọmọ mọ́ kúrò nínú àgbèrè. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín, nítorí pé ìwà mímọ́ ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ odi tí a fi ń dáàbò bo ìwà mímọ́, èéṣe tí a kì í fi í yí ọmọkùnrin ọdún 15 ká? Ṣé òun kò ní ìdánwò ni? Gbogbo wa mọ ìdáhùn. A ń wí pé kò tíì ní iṣẹ́, kò tíì lóye, kò lè jẹ́ olórí ilé. Ohun tí a mọ̀ nípa ọmọkùnrin náà, òótọ́ ni nípa àbúrò rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú. Àti pé ara ọmọbìnrin náà ni yóò gbé ẹrù tí ó wúwo jù: àwọn agbẹ̀bí mọ bí ìrọbí ti ń pẹ́ lára ẹni tí ìbàdí rẹ̀ kò tíì gbó, àti bí ẹlòmíràn ti ń jáde níbẹ̀ láìní ọmọ lọ́wọ́, tí ìtọ̀ sì ń dà lára rẹ̀ láìdúró, títí ọkọ tí a fi í fún yóò fi lé e jáde.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yìí olójú méjì ni, ó sì yẹ kí ó gé apá kejì pẹ̀lú. Bí a ti ń rí ọmọdé tí a tètè gbé níyàwó, bẹ́ẹ̀ ni a ń rí ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí ó ní iṣẹ́, tí ó ní àfẹ́sọ́nà, tí kò sì lè gbéyàwó. Kí ni ó dè é? Owó ilé ni, àti ìwé ẹrù ìdána tí ó gùn bí ẹ̀kọ́ ìtàn, àti aṣọ ẹbí, àti oúnjẹ ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí yóò jẹun tán tí yóò sì wí pé iyọ̀ kò tó. Àwọn ìjọ wa ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí pé wọn kò pa ara wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ kan náà ni wọ́n jókòó lórí ẹní ìdána tí wọ́n ń kọ iye. Ìsìláàmù ní kí sàdáàkì rọrùn. Ẹ lọ wo ohun tí à ń ṣe ní ọjọ́ yìgì. Owó kan náà ni ó ń ti ọmọ tálákà jáde kí àkókò rẹ̀ tó tó, tí ó sì ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àgbà ọ̀dọ́ nígbà tí àkókò rẹ̀ ti kọjá.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Èkíní, kí ẹni tí ń so yìgì àti ẹni tí ń sọ ìgbéyàwó di mímọ́ máa béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ìkéde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ó lò ó. Bí Lẹ́mọ́mù àdúgbò bá wí pé òun kò ní jókòó níbi yìgì ọmọ tí kò tíì pé 18, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá mẹ́wàá lọ. Orílẹ̀-èdè Sierra Leone, tí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kún inú rẹ̀ bíi tiwa, ṣe òfin ní 2024 tí kì í ṣe ọkọ nìkan ni ó mú, ṣùgbọ́n tí ó mú òbí àti ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú. Èkejì, kí ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tálákà, kí a sì pe èyí ní sàráà tòótọ́. Ẹ̀kẹta, kí a gba ọmọ tí ó ti bímọ padà sí kíláàsì láìfi ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn àgbà dín ìnáwó kù, kí ìdána lè padà sí ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdè láàárín ìdílé méjì.

Ní ti àwa olùkọ́, ìwé orúkọ tí a ń pè láràárọ̀ kì í ṣe ohun eré. Òun ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ kan ti sọnù. Bí ọmọbìnrin bá pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, kí a lọ sí ilé rẹ̀, kí a lọ pẹ̀lú ìtẹríba, kí a sì lọ kí ọjọ́ ìdána tó pé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí a mọ Lẹ́mọ́mù àti Pásítọ̀ àdúgbò wa ní orúkọ kí wàhálà tó dé, nítorí pé ọjọ́ tí iná bá ń jó kì í ṣe ọjọ́ tí a ń gbẹ́ kànga. Bí ẹ̀mí ọmọ bá sì wà nínú ewu, tí ìtẹríba kò ràn án lọ́wọ́, òfin wà. Kí a má ṣe tijú láti lò ó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ka ọ̀rọ̀ yìí, wọn yóò sì wí pé ọ̀dọ́ tí kò tíì gbéyàwó kò yẹ kí ó máa kọ́ àgbà ní ẹ̀kọ́ ilé. Òtítọ́ ni pé ọmọdé kì í ní aṣọ púpọ̀ bí àgbà kí ó tún ní àkísà bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa ni a ó gbé nínú ilé tí a ń kọ́ yìí. Kí Ọlọ́run kí ó fún àwọn òbí wa ní àánú, kí ó fún àwọn olórí ẹ̀sìn wa ní ìgboyà, kí ó sì fún àwa olùkọ́ ní sùúrù láti máa ka iye àwọn ọmọ wa láràárọ̀ títí wọn yóò fi pé.